Katásísì: ìdí tí wọ́n fi ń jó sí orin tó ń ka orúkọ òkú

Bí èèyàn kò bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tó sì gbọ́ orin "People Who Died" láti ẹ̀yìn ilé, orin àríyá ni yóò pè é. Gìtá ń sáré, ìlù ń lé e bọ̀ lẹ́yìn, ẹni tó ń kọrin sì ń rọ̀jò ọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọkọ̀ ń dúró dè tí ẹjọ́ rẹ̀ kò tíì tán. Ẹsẹ̀ èèyàn á ti máa mì kó tó mọ̀. Ìgbà tí etí bá wá mú ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni ẹsẹ̀ ń dúró. Ọmọkùnrin ọdún 12 já bọ́ láti orí òrùlé. Ọmọbìnrin ọdún 11 kú. Òmíràn, ọmọ ọdún 14, jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ló pa á, ojú rẹ̀ sì ti dà bí ti arúgbó kó tó lọ. Àwọn méjì, àrùn ẹ̀dọ̀. Ọ̀kan, ìbọn ní ogun Vietnam. Bẹ́ẹ̀ ló ń tò wọ́n lọ, orúkọ lé orúkọ, pẹ̀lú ohun tó pa oníkálukú, títí iye wọn á fi dàrú mọ́ni lójú. Tó bá ka díẹ̀, ègbè á dé: ọ̀rẹ́ òun ni gbogbo wọn, wọ́n sì ti kú.

Ẹgbẹ́ olórin Jim Carroll, ní Amẹ́ríkà, ló gbé orin yìí jáde ní 1980, nínú àwo tí wọ́n pè ní Catholic Boy. Láti ìgbà náà, àwọn tó ń gbọ́ ọ kò tíì fẹnu kò lórí bó ṣe yẹ kó ṣe èèyàn. Ẹnìkan á fò sókè, á máa bá a pariwo. Ẹlòmíràn á bú sẹ́rìn-ín, ojú á sì tì í pé òun rẹ́rìn-ín. Ẹnìkẹta á pa rédíò, á ní ìwà àìmọ̀kan ni, pé a kì í fi òkú ṣeré. Ẹnìkẹrin á jókòó jẹ́ẹ́, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ti òun.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn olólùfẹ́ orin yìí kì í fi sílẹ̀ bí wọ́n bá fẹ́ dá ara wọn láre: katásísì. Wọ́n á ní katásísì ni orin náà jẹ́ fún wọn. Ọ̀rọ̀ ńlá ni, ó sì dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló ń lò ó bí ẹni ń da iyọ̀ sọ́bẹ̀ láìtọ́ ọ wò.

Ọ̀rọ̀ àwọn Gíríìkì ni. Ìfọ̀mọ́ ni ìtumọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́, àwọn oníṣègùn wọn sì ń lò ó fún irú ohun tí àgbo tó ń fọ ikùn máa ń ṣe: èèyàn mu ún, inú rú, ohun tó ti dì tú jáde, ara fúyẹ́. Aristotle, ọlọ́gbọ́n tó gbé ayé ní nǹkan bí 2,300 ọdún sẹ́yìn, ló gbé e kúrò lọ́wọ́ oníṣègùn lọ sí ojú agbo eré. Nínú ìwé tó kọ lórí ewì àti eré oníṣe, ó ní eré tó bá ń sọ̀rọ̀ ìṣubú èèyàn máa ń mú àánú àti ìbẹ̀rù sọ nínú òǹwòran, á sì ṣe katásísì wọn. Kò tú u palẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìjà tó fi sílẹ̀ fún àwọn ọ̀mọ̀wé kò tíì parí títí dòní: ṣé ńṣe ni eré náà ń da àánú àti ìbẹ̀rù nù, àbí ńṣe ló ń fọ̀ wọ́n kí wọ́n lè wúlò?

Ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti kan orin gan-an ni ìwé rẹ̀ lórí ìṣèlú. Níbẹ̀ ló ti sọ̀rọ̀ àwọn tí ẹ̀mí máa ń gbé, pé bí wọ́n bá gbọ́ orin mímọ́ tó ń ru ọkàn sókè, ara wọn á rọlẹ̀ bí ẹni tó lo oògùn. Ẹ fetí sí i dáadáa o: orin tó ń runi sókè ló ní ó ń mú wọn rọlẹ̀. Ẹni tó bá ń bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ni aláriwo ń wá lọ́dọ̀ ọlọ́fọ̀, ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ nílẹ̀.

Ní 1895, Breuer àti Freud, dókítà méjì ní Vienna, fi orúkọ kan náà pe ọ̀nà ìtọ́jú kan: kí aláìsàn rántí ohun tó bà á lọ́kàn jẹ́, kó sì sọ ọ́ jáde pẹ̀lú ẹkún tàbí ìbínú tó ti gbé mì nígbà tó ṣẹlẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ sígboro. Ohun tí ará ìta mú nínú rẹ̀ ni pé kí ẹ̀dùn tó dì síni nínú rí ọ̀nà jáde, nípasẹ̀ ohun tí a gbọ́, tí a wò tàbí tí a ṣe, kí ara sì fúyẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé ara fífúyẹ́ yẹn. Ẹni tó bá pariwo títí ohùn rẹ̀ fi há, tí àyà rẹ̀ sì wúwo bíi ti tẹ́lẹ̀, kò rí katásísì kankan, ọ̀fun ló kàn ń dùn ún.

Ó yẹ ká mọ ẹni tó ń kọrin. Akéwì ni Jim Carroll kó tó di olórin. New York ni wọ́n bí i sí ní 1949. Ó mọ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ gbá débi pé ilé ìwé àwọn ọlọ́rọ̀ fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n láti ọmọ ọdún 13 ni heroin ti mú un lẹ́rú. Ìwé tó fi kọ ìrántí ọjọ́ wọ̀nyẹn, The Basketball Diaries, jáde ní 1978. Ní 1973 ó sá lọ sí California kó lè jáwọ́ nínú egbòogi olóró, ó sì rí i ṣe. Patti Smith, tóun náà jẹ́ akéwì kó tó di gbajúmọ̀ olórin, wà lára àwọn tó tì í síwájú èrò. Ọgbọ́n tó fi to orin náà wá láti ọ̀dọ̀ Ted Berrigan, akéwì tó jù ú lọ, tó ti kọ ewì kan tó ń jẹ́ orúkọ kan náà: orúkọ òkú, ohun tó pa á, ọdún tó kú, ó tán, ó bọ́ sórí òmíràn. Berrigan kò sunkún nínú àkọsílẹ̀ náà. Carroll mú un bẹ́ẹ̀, ó sì dáná pọ́ńkì sí i nídìí.

Pọ́ńkì ni orin rọ́ọ̀kì tí wọ́n bọ́ agbádá lọ́rùn rẹ̀. Ní àárín ọdún 1970 sí 1979, orin rọ́ọ̀kì ti gùn, ó ti dán, ó ti gbówó lórí, gìtá nìkan sì lè gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó sú àwọn ọ̀dọ́ kan ní New York, pàápàá àwọn tó ń ṣeré ní CBGB, ilé ọtí kan ní àdúgbò Bowery. Wọ́n gé e kúrú: kọ́ọ̀dù mẹ́ta, ìṣẹ́jú méjì, ìyára, ohùn tí ẹnikẹ́ni kò fi oyin rà. Ẹni tí kò mọ orin kọ náà lè gun orí ìtàgé. (Orin Carroll tó nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún, ó sì gùn fún pọ́ńkì. Òkú ló pọ̀.)

Ìyára yẹn gan-an ló fa àríyànjiyàn. Orin ọ̀fọ̀ tí a mọ̀ máa ń rọra rìn, á fún ọlọ́fọ̀ láyè, á sì juwọ́ sí i pé ibi báyìí ni kó ti sunkún. Orin yìí kò juwọ́ sí ẹnikẹ́ni. Kí o tó gbé ikú kan mì, méjì mìíràn ti kọjá lọ, ìlù ò sì dúró dè ọ́. Ara ọ̀tọ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀: ara ń jó, etí ń gbọ́ òkú. Ibẹ̀ ni ẹ̀rín òjijì yẹn ti ń wá, n kò sì bá àwọn tó ń pe ẹni tó rẹ́rìn-ín ní ìkà ṣọ̀rẹ́. Wọ́n tiẹ̀ fi orin náà sínú E.T., fíìmù ọdún 1982 tí tọmọdé tàgbà wò, ó sì kọjá bí orin àríyá yòówù.

Etí Yorùbá ní ìjà tirẹ̀ bá orin yìí. Bí àgbàlagbà bá kú, a ó pa màlúù, a ó ra aṣọ ẹbí, a ó gbé ìlù dé. Bí ọmọ ọdún 12 bá kú, òkú ọ̀fọ̀ ni, ìlù kì í dún, òbí kì í sì í fojú kan sàréè. Orin Carroll gbé ìlù wá síbi tí a ti pa ìlù mọ́ lẹ́nu. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, òun wá dúró gbagidi lórí ìtàgé, ó ń ka òkú ọmọ ọlọ́mọ. Ẹni tó bá bínú sí i níhìn-ín kò ṣàṣejù.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ìrèmọ̀jé. Bí ọdẹ bá kú, tí wọ́n fẹ́ ṣe ìṣípà fún un, àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń péjọ sun ìrèmọ̀jé. Wọ́n á dárúkọ rẹ̀, wọ́n á rántí bó ṣe rìn àti ohun tó pa nínú igbó, wọn kò sì ní fi ohùn pẹ̀lẹ́ pẹ̀lẹ́ ṣe é. Ọ̀fọ̀ ẹgbẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀fọ̀ òbí. Òbí ń sunkún ẹni tí òun bí, ẹgbẹ́ ń wo ẹni tó ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì mọ̀ pé òun náà ń tọ ọ̀nà yẹn. Ohùn ẹgbẹ́ ni Carroll fi kọrin. Ó bá wọn rìn, egbòogi tó mú àwọn kan nínú wọn lọ wà lára òun náà, òun sì wà láàyè. Mo gbà pé ìyẹn ló jẹ́ kí ariwo rẹ̀ ju ẹ̀sín lọ.

Ǹjẹ́ ariwo ń fọ inú lóòótọ́? Ibi tí àwọn olólùfẹ́ katásísì kì í fẹ́ dé nìyí. Ní 2002, Brad Bushman, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí kan jáde tó ṣe lórí nǹkan bí 600 akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n kọ́kọ́ mú wọn bínú. Wọ́n ní kí àwọn kan máa lu àpò ẹ̀ṣẹ́ kí wọ́n sì máa ro ẹni tó bí wọn nínú, kí àwọn kan lù ú bí eré ìmárale, kí àwọn yòókù sì jókòó. Àwọn tó ń lù tí wọ́n sì ń ro ọ̀tá ni inú wọn ru jù nígbẹ̀yìn. Àwọn tó kàn jókòó sàn jù wọ́n lọ. Ẹ̀ṣẹ́ nìkan, ariwo nìkan, kò fọ nǹkan kan.

Lọ́wọ́ kejì, ní 2015, Leah Sharman àti Genevieve Dingle ti Yunifásítì Queensland ní Ọsirélíà kó èèyàn 39 jọ, àwọn tó fẹ́ràn orin líle bíi pọ́ńkì àti mẹ́tàlì. Wọ́n ní kí wọ́n fi ìṣẹ́jú 16 sọ ohun tó ń bí wọn nínú, lẹ́yìn náà kí àwọn kan gbọ́ orin tó wù wọ́n fún ìṣẹ́jú 10, kí àwọn tó kù jókòó ní ìdákẹ́jẹ́. Ìbínú rọlẹ̀ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ méjèèjì. Orin líle kò dá kún un, àwọn tó gbọ́ ọ tún ní orí àwọn yá sí i. Ìbínú ni wọ́n wọ̀n níbẹ̀, kì í ṣe ọ̀fọ̀, àwọn tí wọ́n lò sì ti nífẹ̀ẹ́ orin náà tẹ́lẹ̀. Ẹni tí kò fẹ́ràn pọ́ńkì kò gbọdọ̀ retí pé ó máa wo òun sàn.

Èyí tó mú ọ̀rọ̀ tèmi jáde ni ìwádìí tí Liila Taruffi àti Stefan Koelsch tẹ̀ jáde ní 2014. Wọ́n bi èèyàn 772 léèrè ohun tó ń ṣe wọ́n bí wọ́n bá ń gbọ́ orin ìbànújẹ́. Èyí tí wọ́n dárúkọ jù kì í ṣe ìbànújẹ́. Àárò ni. Àárò kò ṣeé dà nù bí ohun tí àgbo fọ̀ jáde, ó nílò ẹni tí a ń ṣàárò rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ.

Ìdí nìyí tí mo fi rò pé ariwo kọ́ ló ń ṣe katásísì nínú orin yìí. Pípe orúkọ ni. Carroll kò sọ bó ṣe ń ṣe é fún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn: orúkọ, ikú, ó ti kọjá. Ẹnìkan péré ló yà sọ́dọ̀ rẹ̀, tó ní àárò rẹ̀ ń sọ òun ju ti gbogbo wọn lọ, tó kí i bí ẹni ń kí arákùnrin rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ti ń fò tẹ́lẹ̀ máa ń dákẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, orin tún padà sórí àwọn tó kọ́kọ́ dárúkọ, bí ẹni tó ti ka ìwé òkú tán tí kò gbà pé ó pé.

Ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá 1980, wọ́n yìnbọn pa John Lennon níwájú ilé rẹ̀ ní New York. Ní àwọn ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn olùgbọ́ ń pe ilé iṣẹ́ rédíò ní Amẹ́ríkà pé kí wọ́n fi "People Who Died" sí i. Lennon kò sí nínú orin náà. Àwọn tó ń gbọ́ ọ ló fi orúkọ rẹ̀ kún un lọ́kàn ara wọn, àyè sì gbà á.

Carroll kú ní Manhattan ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án 2009. Ọkàn ló dáṣẹ́ sílẹ̀. Ọmọ 60 ọdún ni, ó fi ọdún 48 ju ọmọkùnrin tó já láti orí òrùlé lọ.