MP3 tí ẹ sọ di WAV, MP3 náà ni

Ilé iṣẹ́ rédíò ní WAV, ìyẹn fáìlì ìró tí wọn ò fún pọ̀, làwọn ń gbà. Ẹni tó ni orin ò ní ju MP3 128 kbps lọ lọ́wọ́, ìyẹn fáìlì tí wọ́n ti yọ lára ìró rẹ̀ kó lè kéré (kbps ni iye ẹgbẹ̀rún bíìtì tó ń lò ní ìṣẹ́jú àáyá kan), ló bá ṣí i nínú Audacity, áàpù tí wọ́n fi ń ṣàtúnṣe ìró, ó tọ́jú rẹ̀ bíi WAV, ó fi ránṣẹ́. Orin ìṣẹ́jú mẹ́rin tí kò pé MB 4 tẹ́lẹ̀ wá lé ní MB 42. "Ó ti di ojúlówó báyìí."

Kò di ojúlówó. Omi tó ti dànù kò ní torí pé a ra agbè ńlá padà wọlé, mi ò sì ní pẹ́ lórí ìyẹn. Èyí tí kì í tán lẹ́nu àwọn èèyàn ni àwíjàre tó máa ń tẹ̀ lé e: "Ṣebí ó ń dún dáadáa nínú mọ́tò mi, kí ló wá bà á jẹ́ lórí rédíò?" Ibẹ̀ ló yẹ ká jókòó tì.

Bí wọ́n bá lu agogo kíkankíkan, etí kì í gbọ́ ìró tín-ín-rín tó wà nítòsí rẹ̀ lásìkò kan náà. Orí àìgbọ́ yìí ni MP2, MP3 àti AAC, ọ̀nà mẹ́ta tí wọ́n ń gbà fún ìró pọ̀, dúró lé. MP2 á pín ìró sí ọ̀nà 32, á wo ibi tí ìró ńlá ti bo kékeré mọ́lẹ̀, á sì fún ibẹ̀ ní bíìtì díẹ̀, ìyẹn òǹkà tí wọ́n fi ń kọ ìró sílẹ̀. Bíìtì díẹ̀ máa ń bí ariwo. Ọgbọ́n ibẹ̀ ni pé kí ariwo náà má ga débi tí etí á fi gbọ́ ọ. Ìdí nìyẹn tó fi dún dáadáa nínú mọ́tò. Ariwo wà níbẹ̀, ó sá pamọ́ ni, ibi tó sá sí sì ti kún dé ẹnu.

Ẹ wá gbé e dé orí DAB, rédíò onídíjítà. Èyí tí Ìlú Ọba bẹ̀rẹ̀ ní 1995, MP2 ni, 128 kbps sì ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń gbé orin sáfẹ́fẹ́ lò. Ìró 48 kHz (wọ́n ń wọ̀n ọ́n nígbà 48,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan), bíìtì 16, apá méjì (òsì àti ọ̀tún), jẹ́ 1,536 kbps kí wọ́n tó fún un pọ̀. Ìdá kan nínú 12 ló kù. Ẹ̀rọ tó ń fún un pọ̀ ò mọ èwo ni ohùn akọrin, èwo ni ariwo tí MP3 fi pamọ́. Á ná bíìtì lé méjèèjì, á tún da ariwo tirẹ̀ lé e. Ibi ìsápamọ́ ò gba méjì mọ́. Bí MP3 náà bá sì jẹ́ 44.1 kHz, yíyí i sí 48 ò ní jẹ́ kí ibi tí ẹ̀rọ kejì ti ń gé ìró bá ti àkọ́kọ́ mu.

Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, agogo àti àtẹ́wọ́ ló máa ń kọ́kọ́ tú àṣírí. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ á máa dún bí omi tó ń hó. Kí agogo tó dún, ẹ ó gbọ́ "ṣìì" kékeré kan tó ṣáájú rẹ̀, torí ariwo máa ń tàn ká gbogbo ègé tí ẹ̀rọ gé ìró sí. Ìròyìn kíkà kì í fi bẹ́ẹ̀ fara gbá a.

Mi ò sọ pé nọ́ńbà kékeré burú o. DAB+, tó jáde ní 2007, HE-AAC, irú AAC kan tó wà fún nọ́ńbà kékeré, ló ń lò, 64 kbps rẹ̀ sì lè tẹ́ ọ̀pọ̀ etí lọ́rùn ju MP2 tó gba ìlọ́po rẹ̀ lọ. Àwọn kan á tún ní ká wo Spectrogram nínú Audacity, àwòrán tó ń to ìró láti orí èyí tó rẹlẹ̀ dé èyí tó ń han gooro: bí òkè kHz 16 bá ṣófo bíi pé wọ́n fi ọ̀bẹ gé e, MP3 ni. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ lè má ní nǹkan kan níbẹ̀ láti ilẹ̀, HE-AAC sì máa ń fi ìró ìsàlẹ̀ méfò tòkè. Àwòrán á kún, ojúlówó ò sí níbẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn áàpù tó ní àwọn á sọ MP3 di "HD". Ẹ padà sí sítúdíò, ẹ ní kí wọ́n tú orin náà jáde láti inú fáìlì iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é gan-an, 48 kHz, bíìtì 24, kí ibi tó ga jù má kọjá −1 dB, torí ìró tí wọ́n fún pọ̀ máa ń ga díẹ̀ sí i bí wọ́n bá tú u. Bó bá jẹ́ MP3 nìkan ló kù, ẹ fi MP3 yẹn gan-an ránṣẹ́, kí ẹ sì sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnjiníà. Bó bá rí WAV, á rò pé àyè ṣì wà tóun lè fún un pọ̀ sí.