Ohun tó ń mú ògiri ẹfun etí òkun funfun

Ẹni tó bá gba ojú òkun wọ gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ògiri funfun kan ló máa kọ́kọ́ rí, kó tó fojú kan ilé tàbí igi. Ní Dover, ògiri ọ̀hún ga tó nǹkan bíi mítà 110. Ní Beachy Head, lápá ìwọ̀ oòrùn, ó ga tó mítà 162, kò sì sí òkè ẹfun etí òkun tó ga jù ú lọ ní gbogbo Britain. Ó rọrùn láti wò ó kéèyàn máa rò pé bó ṣe wà látayébáyé nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Funfun tó ń dán lójú yẹn, ojú egbò ni. Ibi tó bá funfun jù ni ibi tó ya lulẹ̀ láìpẹ́. Bí ògiri ẹfun bá ṣíwọ́ yíya, tí èbúté tàbí ojú irin bá dí ìgbì lọ́nà tí kò fi débẹ̀ mọ́, koríko á gorí ẹ̀, igi kéékèèké á tẹ̀ lé e, á sì di òkè eléwé bí àwọn òkè yòókù.

Inú òkun ni òkúta yìí ti wá, ibẹ̀ náà ló sì ń padà sí. Láti nǹkan bíi mílíọ̀nù 100 ọdún sẹ́yìn títí di mílíọ̀nù 66 ọdún sẹ́yìn, òkun tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ bo apá tó pọ̀ ní Yúróòpù. Ohun ẹlẹ́mìí tí ojú lásán ò lè rí ń léfòó nínú omi náà. Wọ́n ń fi oòrùn ṣe oúnjẹ bí ewé ṣe ń ṣe é, wọ́n sì fi pẹlẹbẹ kálísíọ̀mù kábónéètì bo ara wọn bí ìpẹ́ ṣe ń bo ẹja. Coccolith ni àwọn onímọ̀ ń pe pẹlẹbẹ yẹn. Bí wọ́n bá kú, ìpẹ́ wọn á rọra rì lọ sí ìsàlẹ̀ òkun, sẹ̀ǹtímítà mélòó kan péré ló sì ń kóra jọ láàárín ẹgbẹ̀rún ọdún. Téèyàn bá fi ìka ra ògiri náà, tí lẹ́búlẹ́bú funfun sì lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, ìpẹ́ àwọn òkú wọ̀nyẹn ló rà mọ́ ìka ẹ̀.

Ẹfun nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀ ṣá o. Ẹni tó bá dúró lẹ́sẹ̀ òkè tó gbójú sókè á rí ìlà dúdú tó tò léra wọn bíi ti ìwé àjákọ. Akọ òkúta tí wọ́n ń pè ní flint ni. Kànrìnkàn inú òkun ayé ìgbà yẹn, tó jẹ́ ẹranko, fi èròjà silica, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe gíláàsì, ṣe egungun ara. Nígbà tí wọ́n kú, silica náà yọ́ sínú ẹrẹ̀, ó sì tún dì níbòmíì, pàápàá nínú ihò tí àwọn ẹranko inú ẹrẹ̀ ti gbẹ́. Ìdí nìyẹn tí akọ òkúta fi máa ń rí wọ́gọwọ̀gọ bí orí atalẹ̀. Ìta rẹ̀ funfun. Tí wọ́n bá fọ́ ọ, inú ẹ̀ dúdú, ó ń dán bíi gíláàsì, etí rẹ̀ sì mú débi pé ó lè gé awọ. Ẹfun rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí èékánná lè ha á. Akọ òkúta ò gbọ́ ti èékánná, kò tiẹ̀ gbọ́ ti ọ̀bẹ.

Bí ìsàlẹ̀ òkun ṣe wá di orí òkè, ọwọ́ ilẹ̀ Áfíríkà wà níbẹ̀. Ilẹ̀ Áfíríkà sún lọ sápá àríwá, ó kọlu ilẹ̀ Yúróòpù. Ìkọlù yẹn ló gbé àwọn òkè Alps dìde, títì tó tì í náà ló sì wú gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sókè bí ẹní tí wọ́n tì láti etí kan. Òkè ẹfun yìí so Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé pọ̀ nígbà náà. Ògiri funfun Cap Blanc-Nez tó dojú kọ Dover ní Faransé, òkúta kan náà ni. Ní nǹkan bí 450,000 ọdún sẹ́yìn, adágún ńlá tí yìnyín sé kún àkúnya, ó gba orí òkè náà kọjá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé e. Nígbà tó yá, tí yìnyín tó bo ayé yọ́ tí òkun sì ga sí i, Britain di erékùṣù ní nǹkan bí 8,000 ọdún sẹ́yìn. Òkun dé ìdí ẹfun, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Omi nìkan kọ́ ló ń ṣe iṣẹ́ ọ̀hún. Bí ìgbì bá rọ́ lu ògiri, ó máa ń há afẹ́fẹ́ mọ́ inú àwọn ibi tó ti sán. Afẹ́fẹ́ náà á fún pọ̀, bí omi bá sì fà sẹ́yìn á tú jáde lójijì, bẹ́ẹ̀ lá máa ṣe títí ojú sísán náà á fi fẹ̀. Àmọ́ akọ òkúta tó ti já bọ́ ṣáájú ló burú jù. Ìgbì á gbé e, á sọ ọ́ lu ìdí òkè, á fà á padà, á tún sọ ọ́. Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló wà: òkè náà ló bí òòlù tí òkun fi ń lù ú. Ní etíkun Birling Gap, téèyàn bá dákẹ́ nígbà tí ìgbì ń fà sẹ́yìn, á gbọ́ àwọn òkúta náà tí wọ́n ń dún wàrà-wàrà bí wọ́n ṣe ń yí lu ara wọn. Gbogbo igun wọn ti já, wọ́n ti di róbótó.

Díẹ̀díẹ̀ ni ìdí òkè á fi máa jẹ wọlé, tí orí ẹ̀ á sì yọ síta láìsí ohun tó gbé e dúró. Òjò náà ò sùn lókè. Ẹfun kún fún ihò tínńtínní. Nínú òmíràn, ihò yìí lè tó ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí náà ó ń fa omi mu, ó sì ń wúwo sí i. Ògiri ti lanu. Omi ni aláǹgbá rẹ̀. Bí òtútù bá mú tí omi náà di yìnyín, á fi nǹkan bí ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún fẹ̀ sí i, á sì máa ti ojú sísán náà síta. Ìdí nìyẹn tí òkè fi máa ń ya jù nígbà òtútù, nígbà míì lọ́jọ́ tí òkun gan-an pa rọ́rọ́. Ní January 1999, òkìtì ńlá kan ya ní Beachy Head, ó nà lọ sínú òkun sápá ilé iná tó ń tọ́ ọkọ̀ ojú omi sọ́nà. Lẹ́yìn irú èyí, omi etíkun máa ń funfun bíi wàrà. Òkìtì ọ̀hún á gbèjà ìdí òkè fúngbà díẹ̀, ìgbì á máa kó o lọ, tó bá sì kó o tán, á tún padà sórí ògiri.

Ìbéèrè kan tó yẹ kéèyàn bi ara ẹ̀ ni pé, òkúta tó rọ̀ báyìí, kí ló jẹ́ kó dúró ṣánṣán? Ó jẹ́ pé òòró ni ọ̀pọ̀ ojú sísán inú ẹ̀ lọ, omi sì ń ráyè gbabẹ̀ ṣàn kúrò. Amọ̀ ò ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Tó bá rin, ṣe ló ń yọ̀. Níbi tí ẹfun bá ti jókòó lórí amọ̀, wàhálà ńlá ni. Irú ibẹ̀ ni Folkestone Warren, níbi tí ilẹ̀ ti sún ní December 1915 tó sì gbé ojú irin kúrò níbi tó wà. Ó di ọdún 1919 kí ọkọ̀ ojú irin tó tún gbabẹ̀.

Ẹwà àwọn òkè Seven Sisters, ìyẹn àwọn òkè ẹfun tó tò tẹ̀ léra nítòsí Beachy Head, gígé lòun náà. Lásìkò yìnyín, ilẹ̀ dì gbagidi, omi yìnyín tó ń yọ́ ò lè wọlẹ̀, ló bá gbẹ́ àfonífojì. Nígbà tí ilẹ̀ yọ́, omi bẹ̀rẹ̀ sí í wọnú ẹfun, àfonífojì sì gbẹ. Òkun wá gé òkè àti àfonífojì lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni fi ọ̀bẹ gé búrẹ́dì, ohun tó sì kù ni ògiri tó ń ga tó ń rẹlẹ̀, tó ń ga tó ń rẹlẹ̀. Bí òkun bá gba inú orí ilẹ̀ tó yọ sómi lu síkejì, á di ojú ọ̀nà bíi ti Étretat ní Faransé. Bí òrùlé ẹ̀ bá wó, òpó kan á ṣẹ́ kù sínú omi.

Yíyà yìí ti yára sí i. Lọ́dún 2016, àwọn olùṣèwádìí wo àmì tí ìtànṣán láti ojú sánmà fi sínú akọ òkúta etíkun lágbègbè Beachy Head. Wọ́n rí i pé sẹ̀ǹtímítà 2 sí 6 ni òkè náà ń fà sẹ́yìn lọ́dún kan fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, àmọ́ láti nǹkan bí 150 ọdún sẹ́yìn, ó ti di sẹ̀ǹtímítà 22 sí 32. Ohun tí wọ́n tọ́ka sí ni pé òkúta wẹ́wẹ́ etíkun tó máa ń gba agbára ìgbì ti dín kù. Nígbà tí wọ́n bá fi ògiri àti igi sé etíkun kan, òkúta tí ì bá ṣàn dé etíkun kejì ò ní í débẹ̀ mọ́. Ààbò ẹnì kan a sì di ìyà aládùúgbò.

Ilé iná Belle Tout, tí wọ́n kọ́ sórí òkè náà láàárín ọdún 1830 sí 1840, ti fojú ara ẹ̀ rí i. Kùrukùru máa ń bo iná rẹ̀, ló fi jẹ́ pé wọ́n kọ́ òmíràn sínú òkun nísàlẹ̀ lọ́dún 1902. Bèbè òkè wá ń sún mọ́ ilé àtijọ́ náà títí ó fi ku díẹ̀ kó já. Lọ́dún 1999, wọ́n fi jáàkì gbé odindi ilé ọ̀hún, wọ́n sì tì í sẹ́yìn ní mítà 17. Wọ́n ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀ tuntun lọ́nà tí wọ́n á fi lè tún un tì.