Ìwé àdéhùn wà lọ́wọ́ olórin: kí ló dé tí owó ò wọlé?

Ìbéèrè: Ẹni tó pè mí wá kọrin tọwọ́ bọ̀wé, àmọ́ nígbà tó ku ọjọ́ méjì, ó ní òde ò wáyé mọ́. Ṣé ìwé yẹn ò lè gba owó mi fún mi ni?

Ìdáhùn: Ìwé yẹn sọ pé ẹ ní ẹ̀tọ́ sí owó, ẹ̀yin lẹ máa lé owó náà. Ẹ ó kọ lẹ́tà, ẹ ó lọ sí kóòtù. Bí ẹ bá sì jàre, ìyẹn nìkan ò ní mú kí ajigbèsè mówó jáde. Owó agbẹjọ́rò lè ju owó eré alẹ́ kan lọ, àwọn tó ń pe olórin sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Èyí ló ń dùn mí jù: olórin tó jàre pátápátá á ṣírò ohun tí ẹjọ́ máa ná an, á sì jọ̀wọ́ owó rẹ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè kan ní kóòtù gbèsè kékeré tí èèyàn ti lè rojọ́ fúnra rẹ̀. Ẹ wádìí bóyá ó wà níbi tẹ́ ẹ wà.

Ìbéèrè: Bó bá jẹ́ pé ibi tí eré ti fẹ́ wáyé ló jóná ńkọ́?

Ìdáhùn: Ọ̀rọ̀ yìí ti dé kóòtù rí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n háyà gbọ̀ngàn Surrey Gardens fún eré orin lọ́dún 1861, iná sì jó o kí ọjọ́ eré tó pé. Lọ́dún 1863, ilé ẹjọ́ ní kò sẹ́ni tó jẹ̀bi, àdéhùn ti tú. Nítorí náà, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ṣáájú: bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ta ló máa ru àdánù?

Ìbéèrè: Ṣé wọ́n lè fipá mú mi kọrin?

Ìdáhùn: Rárá. Nínú ẹjọ́ olórin kan tó ń jẹ́ Johanna Wagner ní London lọ́dún 1852, adájọ́ ò lè ní kó kọrin. Ó kàn ní kò gbọdọ̀ lọ kọrin níbòmíràn ní gbogbo àkókò tí àdéhùn náà fi wà.

Ìbéèrè: Kí ló wá ń dáàbò bo olórin?

Ìdáhùn: Àsansílẹ̀. Ẹ má ya ọjọ́ sọ́tọ̀ fún ẹnikẹ́ni títí owó náà yóò fi wọlé, kí ẹ sì kọ ọ́ pé kò ní padà bí wọ́n bá wọ́gi lé òde náà. Ẹ gba ìyókù kẹ́ ẹ tó gun orí ìtàgé. Lẹ́yìn eré, kò sí ohun tẹ́ ẹ lè fi dá wọn dúró mọ́. Ẹ kọ wákàtí eré àti ẹni tó máa pèsè ẹ̀rọ gbohùngbohùn sínú ìwé náà pẹ̀lú, torí ibẹ̀ ni èdèkòyédè ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀.