Ta ló ń pín tòlótòló ní Chicago?

Ìgbàkigbà tí wọ́n bá dárúkọ Jane Addams, obìnrin ará Amẹ́ríkà tó dá Hull House sílẹ̀ ní Chicago, ọ̀rọ̀ kan náà ni mo máa ń gbọ́: obìnrin olówó tó ṣàánú àwọn àtìpó, tó ṣílẹ̀kùn ilé fún wọn, tó ń bọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń bí mi nínú. Lóòótọ́, ẹnì kan wà tó ń pín nǹkan fáwọn tálákà wọ́ọ̀dù 19 ní Chicago, àmọ́ kì í ṣe Addams.

Johnny Powers ni, káńsẹ́lọ̀ àdúgbò náà. Bí ọlọ́pàá bá mú ọmọ ẹnì kan, Powers ló máa gba onídùúró rẹ̀. Bí èèyàn bá kú tí kò sówó ìsìnkú, Powers á san án. Addams fúnra rẹ̀ kọ ọ́ ní 1898 pé tòlótòló tọ́ọ̀nù 6 ni káńsẹ́lọ̀ náà pín ní Kérésìmesì kan, pẹ́pẹ́yẹ àti irú wọn sì lé ní tọ́ọ̀nù 4. Ó tún ní nínú olùdìbò márùn-ún ní wọ́ọ̀dù náà, ẹnì kan wà tó jẹ́ pé ojú rere Powers ló fi ń rí iṣẹ́ ṣe.

Hull House, ilé tí Addams àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ń gbé láàárín àwọn tálákà wọ́ọ̀dù náà, dán ẹ̀bùn Kérésìmesì wò pẹ̀lú. Lọ́dún tí wọ́n débẹ̀, 1889, wọ́n gbé súìtì fáwọn ọmọdébìnrin kan, àwọn ọmọ náà kọ̀ ọ́. Wọ́n ní ilé iṣẹ́ súìtì làwọn ti ń ṣiṣẹ́, àwọn ò fẹ́ fojú kàn án. Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n ti fi ń ṣiṣẹ́ láti aago méje àárọ̀ títí di aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ní 1893, ìpínlẹ̀ Illinois ṣòfin tí kò jẹ́ kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 14 ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́, Florence Kelley tó ń gbé Hull House sì wà lára àwọn tó jà fún un. Òun náà ni wọ́n fi ṣe olórí àwọn tó ń bẹ ilé iṣẹ́ wò.

Ohun tó máa ń sọnù nínú ìtàn táwọn èèyàn ń sọ ni pé Addams àti Ellen Gates Starr, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ò lọ ṣí ọ́fíìsì ní Halsted Street. Wọ́n kó lọ síbẹ̀ ni, bí àwọn kan ti ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1884, nígbà tí wọ́n lọ ń gbé láàárín àwọn tálákà nínú ilé tí wọ́n ń pè ní Toynbee Hall. Àwọn ará Ítálì, Gíríìsì, Jámánì, Ireland àti àwọn Júù láti Rọ́ṣíà ló yí wọn ká. Ẹni tó bá sì wá gbé Hull House láti bá wọn ṣiṣẹ́, fúnra rẹ̀ ló ń san owó yàrá àti owó oúnjẹ rẹ̀. Òórùn tí àwọn aládùúgbò ń gbọ́, wọ́n ń gbọ́ ọ pẹ̀lú wọn.

Òórùn náà sì wà. Àpótí pákó ńláńlá ni wọ́n kàn mọ́lẹ̀ létí títì fún pàǹtírí. Èso jíjẹrà tí àwọn tó ń kiri ò rí tà kún inú wọn. Orí àpótí yìí làwọn ọmọ ń gùn tí wọ́n bá ń ṣeré, inú rẹ̀ ni wọ́n sì ti ń mú ohun tí wọ́n fi ń sọ ara wọn. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ Hull House bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lálẹ́, wọ́n ń wo ojúlé dé ojúlé. Láàárín oṣù méjì, ẹ̀sùn 1,037 ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí àwọn elétò ìlera ìlú. Pàǹtírí ò kúrò. Addams bá ní kí wọ́n gbé kọ́ńtíráàtì ìkólẹ̀ fún òun, wọ́n wá àlébù kan sọ, wọ́n dà á nù. Ṣùgbọ́n ní 1895, Mayor fi í ṣe wolé-wolé wọ́ọ̀dù náà, owó oṣù rẹ̀ jẹ́ 1,000 dọ́là lọ́dún. Aago mẹ́fà àárọ̀ ló ń jí tẹ̀ lé kẹ̀kẹ́ ìkólẹ̀.

Àwọn kan nínú àwọn obìnrin àtìpó náà ò fẹ́ràn kí Addams máa ṣe iṣẹ́ yìí rárá, wọ́n ní iṣẹ́ ọkùnrin ni. Ó di dandan kí wọ́n ṣàlàyé fún wọn pé bí ó bá yẹ obìnrin láti tọ́jú aláìsàn nínú ilé, ó yẹ ẹ́ láti lé ohun tó ń fa àìsàn náà kúrò lóde. Lójú títì tóóró kan, wọ́n gbẹ́ ìdọ̀tí títí wọ́n fi kan ọ̀nà olókùúta tó ti sin sábẹ́ rẹ̀.

Mi ò sọ pé wọn ò fúnni ní nǹkan kan. Jẹ́lé-ó-sinmi wà níbẹ̀, balùwẹ̀ wà, ogún bàbá Addams sì wọnú iṣẹ́ náà. Bóyá ibẹ̀ ni àwọn tó ń pè é ní ìyá aláàánú ti mú un. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra tí ẹ bá ń ka ìtàn Hull House: àwọn tó gbé ibẹ̀ ló kọ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ohùn àwọn aládùúgbò ò pọ̀ níbẹ̀. Ìbò nìkan ni a fi lè gbọ́ wọn díẹ̀. Hull House gbé ẹni dìde sí Powers ní 1896, wọ́n tún gbógun tì í ní 1898. Powers ló wọlé nígbà méjèèjì.