Ọmọ tí kò tíì mọ̀wé kà, kí ló fẹ́ fi ìwé ṣe?

Ẹ gbé ìwé àwòrán fún ọmọ ọdún méjì lọ́dọ̀ àwọn tó ń tàwé ní Dùgbẹ̀, ẹni tẹ́ ẹ jọ lọ lè ní, "Ṣé kó lè fà á ya ni? Ẹ jẹ́ kó wọ ilé ìwé ná." Mi ò bá a jà. Ó ti pẹ́ tí Ìbàdàn ti ń tẹ̀wé, 1949 ni Oxford University Press dé ibẹ̀, ẹ wo àwọn ilé ìtẹ̀wé tó wà ní Jẹ́ríkò. Ṣùgbọ́n ìwé tí tíṣà bá kọ sínú lísìtì ni ọ̀pọ̀ wa mọ̀ níwèé. Ẹni tí kò bá tíì mọ ábídí, a gbà pé kò ní nǹkan í ṣe níbẹ̀.

Irú ìwé tí mò ń wí yìí, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Òmíràn ní ilẹ̀kùn páálí tí ọmọ yóò ṣí kó tó rí ológbò tó sá pamọ́, òmíràn ní ihò tí ìka ń wọ̀, òmíràn ní ibi tí wọ́n máa kùn. Wọ́n ṣe é kí àgbà àti ọmọ lè rí nǹkan jọ sọ ni.

Àwọn kan tiẹ̀ rà á, wọ́n wá ń kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bí ọmọ bá fọwọ́ kàn án, "Dákẹ́, jẹ́ n kà á fún ẹ!" Lọ́dún 1988, Grover Whitehurst àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ oṣù 21 sí 35. Gbogbo òbí ló ń kàwé fọ́mọ nílé, ṣùgbọ́n wọ́n kọ́ àwọn kan láti máa bi ọmọ ní ìbéèrè, kí wọ́n sì fi kún èsì rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù kan, àwọn ọmọ tiwọn fi oṣù 6 ṣáájú àwọn yòókù nínú ìdánwò ọ̀rọ̀ sísọ kan, wọ́n fi oṣù 8 àbọ̀ ṣáájú nínú òmíràn.

Kò le. Ọmọ ní, "Ewúyẹ́."

"Ẹ̀n-ẹ́n, ewúrẹ́ dúdú ni. Kí ló ń jẹ?"

Ó dákẹ́. Ẹ ní sùúrù, ẹ má tíì bá a sọ ọ́.

"Iṣu."

"Háà, èèpo iṣu ló ń jẹ! Ta ló dà á síbẹ̀?"

Ó ti di ìtàn nìyẹn. Ẹ má kàn máa bi í "Kí lèyí? Kí ni tọ̀hún?" bí ọlọ́pàá tó mú olè, ọmọ yóò sá. Bó bá sì tún gbé ìwé àná wá, ẹ bá a ṣí i. Àsọtúnsọ ni ọ̀rọ̀ fi ń wọ̀ ọ́ lára.

Àwa gan-an kì í dá pàlọ́. Ẹni tó bá ní "Àlọ́ o!" yóò dúró gbọ́ "Àlọ̀!", àwọn ọmọ ni yóò sì gbe orin. Ta ló wá ní kí ọmọ panu mọ́ nítorí pé ìwé ni?

"Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́ ńkọ́?" Ẹ fi Yorùbá sọ àwòrán rẹ̀. Láti 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo ọdún mẹ́fà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì rẹ̀yìn. Màmá àgbà ní Mápó tí kò kàwé rí lè bá ọmọ-ọmọ rẹ̀ ṣí ìwé yìí dáadáa.

Òótọ́ ni pé wọ́n ń fà á ya. Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, ẹ wá èyí tí gbogbo ojú ewé rẹ̀ jẹ́ páálí. Èyí tó bá ya, sẹ́lótéèpù ń bẹ. Bí owó kò bá sí, ẹ gé páálí bísíkíìtì, kí ẹ lẹ àwòrán ara kàlẹ́ńdà àríyá tó ti kọjá mọ́ ọn: adìẹ, ọkọ̀ Máíkírà, ìyá tó ń ro àmàlà. Ẹ lu ihò sí i, ẹ fi okùn so ó. Bọ́tìnì àti ìlẹ̀kẹ̀ ni kí ẹ má lẹ̀ mọ́ ọn fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, torí ó lè gbé e mì.