Ilé iṣẹ́ kógbá sílé, ẹjọ́ ò kógbá sílé

Ọ̀pọ̀ ló gbà pé bí ilé iṣẹ́ kan bá ti kógbá sílé, tí olówó rẹ̀ sì ti lọ sọ nílé ẹjọ́ pé òun wọko gbèsè, ó parí nìyẹn. Ta ni wọ́n fẹ́ mú? Irọ́ ni, ní Amẹ́ríkà ó kéré tán, níbi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún kan ó lé díẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni ẹjọ́ Ohio v. Kovacs, láàárín ìpínlẹ̀ Ohio àti ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Kovacs, lọ́dún 1985. Ìdọ̀tí kẹ́míkà kún ọgbà ilé iṣẹ́ ọkùnrin náà ní ìlú Hamilton. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ohio ní kó palẹ̀ ẹ̀ mọ́, ó gbà, kò ṣe é, ó bá sá sábẹ́ òfin àwọn tó wọko gbèsè. Ibí yìí gan-an ni ìgbàgbọ́ òdì náà ti rẹ́sẹ̀ walẹ̀, torí pé ó jàre: ilé ẹjọ́ ní owó ìpalẹ̀mọ́ tí wọ́n ń bi í ti di gbèsè, gbèsè náà sì lè parẹ́. Àwọn tó ń sọ ìtàn yìí kì í kà kọjá ibẹ̀. Ìdájọ́ kan náà là á mọ́lẹ̀ pé àwọn kò sọ pé èyí yóò gbà á sílẹ̀ bí wọ́n bá fi ẹ̀sùn ọ̀daràn kàn án lórí òfin àyíká tó rú. Gbèsè lọ̀tọ̀, ọ̀ràn lọ̀tọ̀.

Lọ́dún 1986 ló kan Quanta Resources, tó ń sọ epo ìdọ̀tí di èyí tó ṣeé lò. Ó fi epo olóró tó ju 70,000 gálọ́ọ̀nù lọ sílẹ̀ ní Long Island City, ní New York, nínú àwọn ohun èlò tó ti ń jò. Ẹni tí wọ́n fi ṣe alábòójútó ohun ìní rẹ̀ rí i pé owó ìtọ́jú ibẹ̀ ju iye tí ibẹ̀ tó lọ, ló bá pa á tì. Ó yọ àwọn ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ọ tọ̀sántòru, ó sì pa ẹ̀rọ tó ń paná. Adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án ní kò tọ́: alábòójútó ò lè pa irú ibẹ̀ tì bí òfin ìpínlẹ̀ tó ń dáàbò bo ẹ̀mí aráàlú bá lòdì sí i.

Ẹ wò ó náà. Ọmọdé á wọlé ṣeré, ẹni tó ń wá wáyà bàbà tà á gé páìpù, panápaná á dé tí wọn ò mọ ohun tó wà nínú táǹkì.

Ohun tí òfin Ohio ti 1996, orí 3752, ń gbógun tì nìyẹn. Láàárín 30 ọjọ́ tí iṣẹ́ bá ti dúró, olówó ilé iṣẹ́ tí òfin náà kàn gbọ́dọ̀ fi tó ìjọba àti panápaná àdúgbò létí, kó ti gbogbo ẹnu ọ̀nà, kó gbé pátákó ìkìlọ̀ sí i. Kí 90 ọjọ́ tó pé, kẹ́míkà gbọ́dọ̀ ti kúrò nínú táǹkì, páìpù àti tiransifọ́mà. Nínú ìwé òfin wọn, abala tí nọ́ńbà rẹ̀ parí sí .99 ni wọ́n ń kọ ìjìyà sí, orí yìí sì ní tirẹ̀.

Ṣé wọ́n tiẹ̀ ń ti ọ̀gá mọ́lé? Freedom Industries, ní West Virginia, ṣì ń ṣiṣẹ́ nígbà tí kẹ́míkà rẹ̀ jò sínú odò lóṣù kìíní ọdún 2014, tó ba omi nǹkan bí 300,000 ènìyàn jẹ́. Ọjọ́ kẹjọ ló kéde pé òun wọko gbèsè. Síbẹ̀, lọ́dún 2016, ilé ẹjọ́ sọ ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ sẹ́wọ̀n 30 ọjọ́, wọ́n tún bu ìtanràn 20,000 dọ́là lé e. Lójú tèmi, ó kéré jọjọ.