Ìṣègùn ẹbí ní ìwọ̀-oòrùn Kogí

Ìṣègùn ẹbí ni ẹ̀ka ìṣègùn tí dókítà kan náà ti ń tọ́jú ọmọ ọwọ́, aboyún, géńdé àti arúgbó, ohun yòówù kó máa ṣe wọ́n. Láàárín àwọn Òkun (Yàgbà, Ìjùmú, Bùnú, Ọ̀wẹ́ àti Ọ̀wọ̀rọ̀) ní ìwọ̀-oòrùn Ìpínlẹ̀ Kogí, ẹrù dókítà bẹ́ẹ̀ pọ̀, torí ọ̀nà jìn sí ilé-ìwòsàn ńlá. Ilé-ìwòsàn ìjọ ECWA ní Ẹ̀gbẹ̀, tí àwọn míṣọ́nárì SIM dá sílẹ̀ ní 1952, wà lára ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn dókítà ẹ̀ka yìí.

“Ara mi ń gbóná” ni ọ̀rọ̀ tí dókítà ń gbọ́ jù. Ohun tó fà á lè jẹ́ ibà tí ẹ̀fọn ń gbé kiri, òtútù àyà, táífọ́ọ̀dù, tàbí etí dídùn ọmọdé, nítorí náà a kì í fi ojú lásán mọ̀ ọ́n. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ láti ìka tó fún àyẹ̀wò ibà kíákíá, èsì rẹ̀ sì máa ń jáde láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 20. Bí ibà bá wà, artemether pẹ̀lú lumefantrine ni wọ́n sábà ń fúnni: ẹ̀ẹ̀mẹfà láàárín ọjọ́ 3, lẹ́yìn oúnjẹ, bí aláìsàn ṣe wúwo sí. Ọ̀pọ̀ a máa pa á tì ní ọjọ́ kejì tí ara bá ti fúyẹ́. Àṣìṣe ńlá ni. Bí àyẹ̀wò bá ní kò sí ibà, ó yẹ kí dókítà wá ohun mìíràn. Àyẹ̀wò Widal, ìyẹn àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń wá táífọ́ọ̀dù, nìkan kò tó láti pe àìsàn ní táífọ́ọ̀dù. Kogí sì bá Ondó àti Ẹdó pààlà, níbi tí ibà Lásà, tí eku ń gbé kiri, ti ń jà, nítorí náà bí ara bá ń gbóná láì gbọ́ oògùn, ó yẹ kí a béèrè bóyá eku ń wọ inú oúnjẹ ilé.

Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà fi àmì hàn. Bí wọ́n bá wọ̀n ọ́n ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tó sì ń tó 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìtọ́jú yá. Ti ìtọ̀ ṣúgà, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ tó tó 126 lórí ìwọ̀n mg/dL kí ènìyàn tó jẹun ni ààlà, wọn a sì tún un yẹ̀ wò.

Àgbo ni ọ̀rọ̀ tí aláìsàn ń fi pamọ́ jù, torí ó ń bẹ̀rù ìbáwí. Dókítà tó bá fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè pé, “Màmá, kí lẹ ti lò kẹ́ ẹ tó wá?” ló máa rí òótọ́ gbọ́, àgbo kan sì lè bá oògùn òyìnbó jà. Bí ọmọ kan bá jẹ́ SS (àrùn fòníkú-fọ̀ladìde), wọn a yẹ àwọn àbúrò rẹ̀ wò; bí ẹnì kan bá ní ikọ́ ẹ̀gbẹ, gbogbo ará ilé ni wọn ń pè.

Aboyún tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, tàbí ọmọ tí gìrì ò dáwọ́ dúró lára rẹ̀, kì í dúró ní ilé-ìwòsàn kékeré. Wọn a kọ̀wé lé e lọ́wọ́, pẹ̀lú oògùn tó ti gbà àti àkókò tó gbà á, kó tó gba ọ̀nà Lọ́kọ́ja tàbí Ìlọrin.